Ọjọ́ Tí Ràímì Gbé Ọwọ́ Lé Orí

Nígbà tí mo jẹ́ fóòmàn nílé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, bí òwú kan ṣoṣo bá já lórí ọ̀kan nínú irínwó ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tí mo jókòó sílé mi ní Makera, tí mo ń jẹ túwó, màá gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé màá kàn gbọ́ ọ lásán o. Màá mọ ẹ̀rọ tó jẹ́, màá mọ̀ bóyá apá ọ̀tún ni àbí apá òsì, màá sì mọ̀ bóyá ahunṣọ tó wà nídìí rẹ̀ ti kí ìrun àsùbáà àbí kò tíì kí i. Lọ́jọ́ kan tí mo gba ìsinmi, òwú já ní aago méjì ọ̀sán. Mo rán ìyàwó mi pé kó sáré lọ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kẹtàdínlógún ni. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ṣì ń wá a kiri. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìyàwó mi. Ó ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kó lọ bi í.

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé dé kíláàsì karùn-ún, ibẹ̀ ni èmi àti ìwé ti dágbére fún ara wa láìjà láìta. Mo wọ ilé iṣẹ́ aṣọ, mo gbálẹ̀, mo kó pàǹtí òwú, mo di ahunṣọ, mo di fóòmàn. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ti tì í pa, koríko ti hù lẹ́nu géètì, a kì í sì í fi orúkọ òkú ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ọdún wọ ẹgbàá, lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo ayé ní kọ̀ǹpútà yóò dàrú, tí kò sì dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín wọ yàrá ìhunṣọ, kí ẹ tó sọ pé n kò ṣàlàyé. Ẹ̀rọ irínwó ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí ẹni to ebè. Igi kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń gbé òwú sá lọ sá bọ̀, bó bá ti ń dé òpin ló ń gbá irin. Irínwó igi, irínwó irin. Bí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, ariwo náà á kan yín láyà bí àgbò tó já okùn. Ẹ lè pariwo sétí ẹnìkejì yín, kò ní gbọ́. Eruku òwú á sì bọ́ sí yín lórí títí ọmọ ogún ọdún á fi hewú.

Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ìka méjì tó ń ṣe bí àlùmọ́gàjí, òwú ti já nìyẹn. Àtàǹpàkò lẹ́nu, oúnjẹ ti dé. Ẹni tó bá ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò ní, mánéjà ló ń bọ̀, nítorí irùngbọ̀n mánéjà wa dà bíi ti òbúkọ. Ahunṣọ kan wà tó ń jẹ́ Dàńládì, ará Zaria, aláwàdà bíi tèmi. Ó lè fi ọwọ́ méjèèjì sọ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ohun tí ìyá ìyàwó sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní kíníìkì wa, Sístà Dọ́káàsì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, onítẹ̀bọmi. Obìnrin kúkúrú ni, kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n mánéjà alára máa ń bọ́ fìlà bó bá rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe gbogbo àwa fóòmàn jọ.

Ó ní, "Àwọn ọkùnrin yín ń wá gba oògùn orí fífọ́ lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́. Kì í ṣe orí ló ń fọ́ wọn. Ọkàn wọn ló ń rẹ̀."

Kò sì parọ́. Rògbòdìyàn ti mú kí ìlú gbóná lójú wa, àwọn kan ti sá kúrò nílé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Wọ́n tún ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ilé iṣẹ́ yóò kógbá sílé. Ẹni tí kò sùn lóru yóò wá dúró ti ẹ̀rọ mẹ́fà ní àárọ̀, kò sì ní sọ fún ẹnì kankan.

Sístà ní òun ti bá mánéjà sọ ọ́. Òun ti gbé bẹ́ǹṣì kan sábẹ́ igi dòǹgóyárò lẹ́yìn kíníìkì. Ahunṣọ tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àtàrí. Fóòmàn yóò lọ bá a, kò ní bi í ní nǹkan kan, yóò fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọkùnrin náà yóò sì lọ jókòó sábẹ́ igi fún ààbọ̀ wákàtí. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, òun wà níbẹ̀. Bí kò bá fẹ́, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹnu yìí náà ni.

"Sístà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá! Ẹ ò mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń káwọ́ lérí? Ẹ fẹ́ sọ ilé iṣẹ́ di ilé òkú ni?"

"Ọwọ́ kan ni mo ní kí wọ́n gbé, Fóòmàn. Kì í ṣe méjì."

"Ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la ni. Bí ewúrẹ́ ṣe ń wọ oko nìyẹn, ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ ń gbé."

Àwọn fóòmàn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Sístà dúró títí ẹ̀rín fi tán. Ó ní, "Ẹnu yín dùn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé e lérí, ẹ lọ bá a. Ẹ ti gbọ́?"

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì ti gbọ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Fún oṣù méjì, ẹyẹ nìkan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà. Dàńládì ló sọ ọ́ ní àga àwọn mahaukata, ìyẹn àga àwọn wèrè. Èmi ni mo gbé orúkọ náà ká gbogbo ṣífìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin wo ló fẹ́ kí wọ́n rí òun lórí àga wèrè?

Ó wá kan Ràímì.

Ọmọ Ọ̀fà ni Ràímì, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní tó dé, mo fi bí a ṣe ń ta kókó ahunṣọ hàn án. Kókó kékeré kan ni, ìka mẹ́ta la fi ń ta á, kò gbọdọ̀ tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò hàn lára aṣọ. Ràímì ta á, ó so òwú mọ́ bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀, ẹ̀rọ fa bọ́tìnì lọ, ó sì hun ún mọ́ inú aṣọ. Mo gbọ́ pé Alhájì kan ní Kano ló ra aṣọ náà, ó rò pé oyè ni wọ́n fi jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ahunṣọ tó tó Ràímì. Mo máa ń bú u pé, "Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ìjàkadì nìkan lẹ mọ̀." Yóò dáhùn pé, "Ẹ wá ká gbá a mú, Fóòmàn, kí ọmọ Ìlọrin lè mọ bí ilẹ̀ ṣe rí."

Ní oṣù mẹ́ta kí Sístà tó gbé bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Sàrátù, ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀, Kúbúrà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo wà níbi ìsìnkú, mo bu erùpẹ̀ lé e. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ní ọjọ́ kẹsàn-án Ràímì ti wà nídìí ẹ̀rọ. Mo gbá a léjìká, mo ní, "Ọkùnrin ni ọ́! Iṣẹ́ ni oògùn ìbànújẹ́." Mo rò pé mo sọ ọgbọ́n.

Ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún ẹni tó bá jókòó tì í. Ó máa ń dúró síwájú ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan, yóò tẹjú mọ́ aṣọ bí ẹni tó ń kàwé. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo rí i tó wọ ẹ̀wù ní òdì. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Èmi tí mo ń gbọ́ òwú láti Makera!

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn ikú Sàrátù, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo gbójú sókè, mo rí Ràímì tó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àtàrí.

Kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí mi. Mo wo ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ń lọ geere. Mo wo ojú rẹ̀, èmi ló ń wò. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé e. Gbogbo ìlà rẹ̀ ti rí i, wọ́n wá ń wò mí láti mọ ohun tí Fóòmàn máa ṣe. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè sọ fún yín pé àwọn tí ń gba ipò ẹlòmíràn nídìí ẹ̀rọ kò pé lọ́jọ́ náà. Mo lè sọ pé mánéjà ti bá mi jà lórí iye yáàdì láàárọ̀. Òótọ́ ni méjèèjì, àwáwí sì ni méjèèjì. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni kò jẹ́ kí n dúró bí èèyàn. Bí ojú bá ti pọ̀ báyẹn, mo gbọ́dọ̀ dẹ́rìn-ín pa wọ́n ni.

Mo ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Mo la ẹnu, mo di ojú, mo ń yí ìdí bí obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Dàńládì ṣubú lu ìdì aṣọ, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Òun náà káwọ́ lérí. Ẹnìkejì rẹ̀ káwọ́ lérí. Ó lọ láti ìlà dé ìlà, ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ń ṣọ̀fọ̀, a ò gbọ́ ohùn ẹnì kan.

Ràímì wò wá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rántí pé ó yẹ kí òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀, kò gbé e kúrò lójijì. Ó fi gbọn eruku òwú kúrò nírun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé torí ẹ̀ ló ṣe gbé e síbẹ̀. Ó wá yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò sí ahunṣọ tó ṣiṣẹ́ tó o. Mo pàdé Sístà lẹ́nu ọ̀nà kíníìkì, mo ní, "Sístà, ẹ kó bẹ́ǹṣì yín nílẹ̀. Mo ti fi ẹ̀rín wo Ràímì sàn."

Ó ní, "Ó ti ń jẹun?"

Mo ní ẹ̀rọ ń dúró dè mí, mo sì bá ọ̀nà mi lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Dàńládì fọwọ́ tọ́ mi lẹ́yìn. Ó nawọ́ sí ìdí ẹ̀rọ Ràímì. Ràímì ti dá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo òwú tó já ló ta ní kókó, kò sí èyí tó hàn. Ó fi irin tó fi ń fa òwú kọ́ ojú ìṣó, ó ká épírọ́ọ̀nù rẹ̀ sórí àpótí. Ẹ̀rọ mẹ́fà dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, etí mi kò sọ fún mi. Nígbà tí a dé géètì, ẹ̀ṣọ́ ní ó kí òun dáadáa kó tó jáde.

Kò lọ sílé. Kúbúrà wà lọ́dọ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, ó ń bèèrè bàbá rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí awakọ̀ kan tó wá sọ lẹ́nu géètì pé òun rí ọkùnrin kan nínú aṣọ ilé iṣẹ́ wa, ní gáréèjì Kawo, lápá kejì ìlú. Ó ní láti àná ló ti jókòó síbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀, kì í wọkọ̀, kì í sì í kúrò.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe lọ mú un. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sọ ọ́, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ náà ni màá ṣe sọ ọ́ fún yín.

Bí mo ṣe gbọ́ Kawo báyìí, mo fò sókè. Mánéjà ní, "Fóòmàn, níbo?" Mo wò ó, irùngbọ̀n rẹ̀ gbọ̀n. Mo já sójú títì, mo gun ọ̀kadà, èyí tí à ń pè ní àchàbà níhìn-ín. Nígbà tí a dé orí afárá, epo tán. Ọlọ́kadà ní kí n ní sùúrù. Sùúrù kẹ̀! Mo gbé àchàbà lé orí, mo gbé ọlọ́kadà jókòó sórí rẹ̀, mo fi sáré la odò Kaduna kọjá. Nígbà tí mo dé Kawo, eruku òwú ti bò mí fún débi pé ìyá ẹlẹ́kósáì kan, ìyẹn alákàrà, sá fi àgbada rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òkú jí. Mo ké pe Ràímì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ràkúnmí kan tó ń kọjá lọ kúnlẹ̀.

Mo wá rí i. Lórí pákó tí àwọn èrò Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń dúró de ọkọ̀, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Mo jókòó tì í. Odidi wákàtí kan, èmi tí n kì í dákẹ́ nílé òkú, mo dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀fà ni mo fẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti pe Ọ̀fà. Bí wọ́n bá ti pè é, mo máa ń bi ara mi pé ta ni mo fẹ́ lọ bá. Mi ò lè dìde."

Mo ní, "Kò burú. A ó jọ jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ á fi lè gbé ọ."

Mo ra kúnú fún un, ó mu ún. Mo ra kósáì, ó jẹ méjì. Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ó fúnra rẹ̀ dìde. Mo mú un lọ́wọ́ bọ̀ wálé, Kúbúrà sì dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo àìsàn ọkàn. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ní kó máa wá bá òun sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta pé, Ràímì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì bọ̀ sípò tán, ṣùgbọ́n ó ń jẹun.

Ìtàn Kawo yẹn ni mo sọ ní kántíìnì, lọ́jọ́ kejì tí Ràímì wálé. Ariwo ẹ̀rọ kò dé ibẹ̀, wọ́n gbọ́ mi ketekete. Dàńládì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Wallahi, Fóòmàn, èmi ni mo sọ ọ́ ní àga mahaukata."

Mo ní, "Haba, Dàńládì, nu ojú rẹ, omi ń wọ inú ọbẹ̀."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹnì kan gbé ọwọ́ lé orí. Mo sáré débẹ̀, bàtà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa di ọyẹ́, ojú bẹ́ǹṣì Sístà ti ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Dàńládì alára jókòó níbẹ̀ ní ọ̀sán kan, ó sọ fún Sístà pé láti ìgbà tí ìlú ti dàrú, bí ewé bá ṣubú lóru, òun á ti dìde. Fóòmàn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró wá bi mí pé báwo la ṣe ń ṣe é. Mo ní, "Ẹ má bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni náà. Ẹ kàn lọ bá a." Ọ̀rọ̀ Sístà ni, mo kàn fi ohùn tèmi sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ kógbá sílé. Sístà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló kú sí. Ràímì kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Makera, kò jìnnà sílé mi. Kúbúrà dàgbà, ó di tíṣà. Bí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí níhìn-ín ṣe máa ń ṣe, ẹ sọ Yorùbá sí i, Hausa ni yóò fi dá yín lóhùn. Ní gbogbo ọdún Iléyá, yóò gbé itan àgbò wá fún mi: "Baba, ga namanka," ìyẹn, "Bàbá, ẹran yín nìyí." Torí pé mo lọ mú bàbá rẹ̀ wá láti Kawo. Mo máa ń jẹ ẹ́. Ẹran tó dùn ni.

Tí mo bá ń sọ ìtàn náà ní ṣọ́ọ̀bù Ràímì, Ràímì á wà níbẹ̀, á máa ránṣọ, kò já mi nírọ́ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló la ẹnu. Àwọn oníbàárà ti lọ, ó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

"Fóòmàn."

"Kí ló dé, ọmọ Ọ̀fà?"

"Ọjọ́ kejì yẹn ní Kawo, gbogbo àchàbà tó bá wọlé, mo máa ń wo ẹni tí wọ́n gbé sẹ́yìn. Mo rò pé ẹ̀yin ni."

Òwú náà kò wọlé. Ó fi itọ́ tọ́ ọ lẹ́nu, ó tún un ṣe. Ó ní, "Òwú ayé ìsinsìnyí ò dára." Mo ní, "Kò dára." A ò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ríru pa á, pẹ̀lú ewú lórí, kì í ṣe ewú òwú. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Kúbúrà ní kí Bàbá Fóòmàn dìde sọ ti Kawo fún àwọn èèyàn. Mo dìde. Mo sọ ọ́. Ràkúnmí kan tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́ta. Àwọn ààfáà ń kígbe Allahu Akbar. Nígbà tí mo jókòó, Kúbúrà wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Yorùbá ló sọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n ní bàbá."

Ẹran tí wọ́n dì fún mi lọ́jọ́ náà, n kò lè jẹ ẹ́. Ó dúró nínú abọ́ títí ó fi bàjẹ́. Mo jókòó, mo mú bírò. Kúbúrà ni màá kọ́kọ́ gbé ìwé yìí fún kí ẹlòmíràn tó kà á. Bó bá fẹ́, kó má gbé itan àgbò wá mọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí awakọ̀ mú ìròyìn wá, Sístà Dọ́káàsì wọ yàrá ìhunṣọ, ó ti gbé báàgì kọ́ apá. Nítorí ariwo, kò sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àtàrí, ó sì nawọ́ síta. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ. Mo mi orí. Mo nawọ́ sí àwọn ẹ̀rọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló dá mi dúró. Ẹ̀rù ló bà mí pé Ràímì yóò wo ojú mi. Sístà wò mí títí, ó yípadà, ó dá lọ.

Òun ló gun àchàbà. Òun ló jókòó láìsọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan. Ta ni nínú yín ló tilẹ̀ gbà gbọ́ pé èmi lè ṣe bẹ́ẹ̀? Òun ló ra kúnú. Gbogbo ohun tí Ràímì sọ lórí pákó yẹn, Sístà ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà kíníìkì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin yí mi ká ní kántíìnì pé báwo ni wọ́n ṣe rí i. Mo la ẹnu, ìtàn náà jáde, èmi ni mo sì wà nínú rẹ̀.

Sístà gbọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Fóòmàn, mo gbọ́ pé ẹ lọ sí Kawo lánàá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku òwú kúrò lápá ẹ̀wù mi.

Ó ní, "Àwọn ọkùnrin yìí ò ní gbé ọwọ́ lérí nítorí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin lẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá gbà pé ẹ̀yin náà lẹ lọ, wọ́n á gbé e. Nítorí náà, ẹ lọ sí Kawo. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ fún Ràímì. Ó mọ ẹni tó wá."

Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ mi ṣe ìwúlò fún àwọn kan, n kò ní sọ pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n Sístà kú, kò sí ẹni tó gbé itan àgbò lọ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ti òwú tó ń já tí mo ń gbọ́ láti Makera, ẹ bá mi jiyàn lórí rẹ̀ bó bá wù yín. Ti àchàbà tí mo gbé lérí àti ti ràkúnmí, ẹ ti mọ̀. Ọwọ́ tí Ràímì gbé lé orí, mo rí i, mo sì fi í ṣẹ̀rín. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Irọ́ tí mo pa gan-an nínú ìtàn yìí ni pé mo lọ sí Kawo. N kò lọ. Sístà Dọ́káàsì ló lọ. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ.